Ìbéèrè Òǹkàwé: Ẹ̀rọ géèmù tí a fọwọ́ ara wa tò sí pálọ̀

Lẹ́tà tó wọlé lórí ẹ̀rọ géèmù àtọwọ́tò lóṣù yìí pọ̀, láti Lugbe títí dé Maiduguri. Ohun tí ẹ ń béèrè yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n bí a bá tú u wò, iná ló wà nídìí èyí tó pọ̀ jù. Ìdí nìyí tí a fi fi iná ṣáájú. Níbi tí a bá ti kọ Pi, Raspberry Pi là ń sọ, bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà tó fẹ̀ tó káàdì ATM, tó kọ́kọ́ jáde lọ́dún 2012. RetroPie àti Batocera ni sọ́fútíwíà ọ̀fẹ́ tó ń sọ Pi tàbí kọ̀ǹpútà àtijọ́ di ẹ̀rọ géèmù tí a lè so mọ́ tẹlifíṣàn.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Pi 4 ni mo rà. Àmì mànàmáná kékeré kan máa ń yọ lókè ojú tẹlifíṣàn lápá ọ̀tún, bí géèmù bá sì ti wọra, ẹ̀rọ á kú, á tún tan fúnra rẹ̀. Ṣájà fóònù mi tó jẹ́ 33W ni mo fi ń lò ó, kì í ṣe ṣájà yẹpẹrẹ. Kí ló ń ṣe é? (Òǹkàwé kan, Lugbe, Abuja)

Ohun kan ṣoṣo ni àmì mànàmáná yẹn ń sọ: iná tó ń dé ara bọ́ọ̀dù ti wálẹ̀ ju 4.63V lọ. 5.1V àti 3A ni Pi 4 ń fẹ́. 33W tí wọ́n kọ sára ṣájà yín kì í ṣe irọ́, àmọ́ ìgbà tí òun àti fóònù bá ti jọ fohùn ṣọ̀kan láti gbé fóltéèjì sókè ló tó máa ń pèsè rẹ̀. Pi 4 kì í bá ṣájà dúnàádúrà bẹ́ẹ̀. 5V ni tirẹ̀, ibẹ̀ náà ló mọ. Ẹ yí ṣájà náà padà, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ 5V sí. Bí 2A ló bá tẹ̀ lé e, 10W péré ni Pi yín ń rí jẹ, iye yẹn kò sì tó o nígbà tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Bí ṣájà bá pé, ẹ yẹ kéébù wò. Kéébù tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìdènà rẹ̀ ní àlọ àti àbọ̀ bá tó 0.2 ohm yóò jẹ 0.6V nígbà tí 3A bá ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ yọ 0.6V kúrò nínú 5.1V, ó ku 4.5V, àmì mànàmáná ti yọ nìyẹn, bó ti wù kí ṣájà dára tó. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe rọ kéébù mọ́ ṣájà Pi gan-an lára, tí kò ṣeé yọ. Bí ẹ bá fẹ́ fi ojú ara yín rí i, ẹ tẹ F4 lórí kíbọ́ọ̀dù nínú RetroPie kí ẹ lè bọ́ sí ojú dúdú, kí ẹ wá kọ `vcgencmd get_throttled`. Bó bá dáhùn pé 0x0, ara le. Bó bá ní 0x50000, iná ti wálẹ̀ rí láti ìgbà tí ẹ ti tan án. 0x50005 túmọ̀ sí pé ó ṣì wà nílẹ̀ báyìí, ẹ̀rọ sì ti dẹ ìsáré rẹ̀ nítorí rẹ̀.

Ohun méjì mìíràn tó yẹ kí ẹ mọ̀. Àwọn Pi 4 tó kọ́kọ́ jáde lọ́dún 2019 ní àbùkù lójú ihò USB-C wọn: kéébù olówó ńlá tó ní ṣíìpù nínú, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣáájì kọ̀ǹpútà alágbèéká, kì í tan wọ́n rárá. Kéébù lásán tó nípọn ló máa ń tan wọ́n. Ẹni tó bá sì fẹ́ ra Pi 5, 5V àti 5A ló ń fẹ́. Bí ẹ bá fún un ní 3A, yóò tan, ṣùgbọ́n yóò dín iná tó ń pín fún ihò USB kù sí 600mA lápapọ̀, pádì méjì pẹ̀lú SSD tí a ń kó fáìlì sí kò sì lè jọ jẹun níbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ra kéèsì aláràbarà títí ẹ ó fi ra ṣájà tó péye.

NEPA ń mú iná lọ nígbàkúùgbà níhìn-ín, a sì máa ń yí i sí jẹnẹrétọ̀. Mẹ́mórì káàdì ń bàjẹ́ lọ́wọ́ mi lemọ́lemọ́. Ẹni tó ń tà á ní iná ló ń bà á jẹ́, àwọn kan ní ayédèrú ni. Ta ni kí n gbà gbọ́? (Sabon Gari, Kánò)

Ó lè jẹ́ pé àwọn méjèèjì ló tọ̀nà. Ẹ fi ayédèrú ṣáájú, nítorí òun ló rọrùn láti dán wò. Káàdì tí wọ́n kọ 64GB sí lára lè máà ní ju 8GB lọ nínú. Ohun tí ẹ bá kọ lé 8GB àkọ́kọ́ yóò jókòó, ìyókù yóò wọlé bí ẹni pé ó dúró, ẹ kò sì ní rí i mọ́ nígbà tí ẹ bá fẹ́ kà á. Lórí Windows, ẹ lo H2testw. Lórí Linux, ẹ lo `f3write`, lẹ́yìn náà `f3read`. Àwọn méjèèjì máa ń kọ nǹkan kún káàdì bámú, wọ́n á tún wá kà á padà. Ó máa ń pẹ́, torí náà ẹ bá ọlọ́jà ṣàdéhùn kí ẹ tó sanwó pé ẹ ó dán an wò nílé, ẹ ó sì dá a padà bí kò bá pé. Káàdì 32GB tí wọ́n kọ A1 sí lára ti tó fún iṣẹ́ yìí.

Bí káàdì bá jẹ́ ojúlówó, iná ló kù. Nínú mẹ́mórì káàdì, ṣíìpù kan wà tó ń kó nǹkan láti yàrá kan sí èkejì nígbà gbogbo, tó sì ń ṣe àkọsílẹ̀ ibi tó kó o sí. Bí iná bá lọ níbi tó ti ń tún àkọsílẹ̀ yẹn kọ, fáìlì tí ẹ kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn lè sọnù. Ohun tó fà á nìyí tí ẹ̀rọ fi lè kọ̀ láti tan lówùúrọ̀, nígbà tó jẹ́ pé géèmù lásán ni ẹ ń ta lálẹ́ àná.

Ìwòsàn rẹ̀ ni pé kí iná má já. Mini UPS tí wọ́n ń tà fún ẹ̀rọ Wi-Fi dára, ṣùgbọ́n ihò 5V rẹ̀ kì í sábà kọjá 2A, ìyẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà kí wọ́n tó sanwó. Ihò 12V rẹ̀ ni kí ẹ lò. Bí ó bá jẹ́ 12V, 2A, 24W nìyẹn. Ẹ so bọ́ọ̀dù kékeré tó ń sọ 12V di 5V mọ́ ọn, èyí tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní buck converter, kí ẹ ra èyí tó lè gbé 5A. Kí ẹ tó so Pi mọ́ ọn, ẹ fi mítà wọn ẹnu rẹ̀, kí ẹ yí síkúrù rẹ̀ títí yóò fi dúró sí 5.1V. Ẹni tó bá so Pi mọ́ ọn kó tó wọ̀n ọ́n lè sun bọ́ọ̀dù náà lójú ẹsẹ̀. Ní ti bó ṣe máa pẹ́ tó, 8800mAh tí wọ́n kọ sára mini UPS, 3.7V bátìrì inú rẹ̀ ni kí ẹ fi sọ ọ́ di púpọ̀, kì í ṣe 12V. Ó jẹ́ nǹkan bíi 32Wh. Pi 4 tó ń ta géèmù ń jẹ nǹkan bíi 6W, díẹ̀ sì ń ṣòfò níbi tí a ti ń yí fóltéèjì padà, nítorí náà ẹ ó rí wákàtí mẹ́rin ó lé díẹ̀.

Pọ́wà báńkì ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń já iná fún ìṣẹ́jú àáyá kan nígbà tí NEPA bá lọ tàbí tó bá dé, ìyẹn sì ti tó láti pa Pi. Ẹ fi ṣájà rẹ̀ sí ògiri, ẹ fi Pi sí i lára, ẹ wá yọ ṣájà lójijì. Bí Pi bá kú, ẹ fi pọ́wà báńkì yẹn sílẹ̀ fún fóònù.

Nínú RetroArch, sọ́fútíwíà tó ń gbé géèmù nínú RetroPie àti Batocera, ẹ lọ sí Settings, Saving, SaveRAM Autosave Interval, kí ẹ fi í sí 60 (ìṣẹ́jú àáyá). Láìṣe bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ ìgbà tí ẹ bá jáde kúrò nínú géèmù ló tó máa kọ ibi tí ẹ dé sílẹ̀. Máa pa ẹ̀rọ láti inú mẹ́nù, kì í ṣe láti ara sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ́ àwọn ọmọ náà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá ti tò dáadáa, ẹ ṣe ẹ̀dà káàdì náà lódindi sórí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú Win32 Disk Imager, kí ẹ tẹ Read. Bó bá bàjẹ́ lọ́la, wákàtí kan kò ní kọjá kí ẹ tó padà sídìí géèmù.

Ọkọ mi fẹ́ kí a to tiwa dípò kí a ra tuntun fún àwọn ọmọ. Ṣé Pi ni kí a rà ni, àbí kọ̀ǹpútà tókunbọ̀? A ní tẹlifíṣàn tó ní HDMI. (Ìyá Ìbejì, Kubwa)

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọmọ o. Bí ẹ bá ní iná tó dúró tàbí ìnfátà, kọ̀ǹpútà tókunbọ̀ la ó ní kí ẹ rà, irú àwọn kékeré pẹlẹbẹ tí wọ́n ń lò ní ọ́fíìsì. Ṣájà rẹ̀ máa ń bá a wá, fáànù rẹ̀ wà nínú rẹ̀, àtúnṣe rẹ̀ sì wà káàkiri. Níbi tí iná bá ti ń lọ ju bó ti ń bọ̀ lọ, Pi ló pé, nítorí pé kò jẹun púpọ̀.

Bí ẹ bá dé Emab Plaza tàbí Banex ní Wuse 2, ẹ béèrè Core i3 tàbí i5 ìran kẹrin sókè, 8GB RAM, SSD 120GB. Ìyẹn á gbé géèmù PlayStation àkọ́kọ́, Nintendo 64, Dreamcast àti PSP láìmí. Géèmù PS2 lè máa fà díẹ̀ lórí ìran kẹrin. Pi 4 kò yẹ fún PS2 rárá. Kí ẹ tó sanwó, ẹ yí ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà náà wò: ọ̀pọ̀ nínú wọn DisplayPort ni wọ́n ní, wọn kò ní HDMI, ẹ ó sì ní láti ra kéébù DisplayPort sí HDMI. Ẹ ní kí ọlọ́jà tan án, kó sì wọ BIOS (ojú ìṣètò tó wà ṣáájú Windows) lójú yín. Bí ó bá béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà tí òun kò mọ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ọ́fíìsì tó kọ́kọ́ ni ín ló tì í pa, kò sì ní gbà kí ẹ tan nǹkan mìíràn láti ara fláàṣì.

Ẹ gba Batocera fún x86_64, ìyẹn irú kọ̀ǹpútà yìí, sílẹ̀ láti ìkànnì rẹ̀, ẹ fi balenaEtcher kọ ọ́ sórí fláàṣì 32GB, kò sídìí láti tú fáìlì náà kó tó kọ ọ́. Nínú BIOS, ẹ pa Secure Boot. Ẹ ki fláàṣì bọ̀ ọ́, ẹ tan án, kí ẹ máa tẹ F12 bó bá jẹ́ Dell tàbí Lenovo, F9 bó bá jẹ́ HP, kí ẹ sì yan fláàṣì. Nígbà àkọ́kọ́, yóò gba ìṣẹ́jú díẹ̀ láti na ara rẹ̀ kún fláàṣì náà. Ẹ má yọ ọ́. Windows tó wà nínú kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀ láìfarapa: bí ẹ bá yọ fláàṣì, ọmọ lè fi ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé rẹ̀. Lórí tẹlifíṣàn, ẹ wá Game nínú mẹ́nù àwòrán, ẹ tan án. Bí ẹ kò bá tan án, ọmọ á tẹ bọ́tìnnì, ẹni inú géèmù á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ronú kó tó fò.

Inú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì lábẹ́ tẹlifíṣàn ni ẹ̀rọ wa wà. Láti oṣù March, ó ń lọ́ra. Nígbà ọyẹ́, eruku ló ń yọ wá lẹ́nu. (Maiduguri)

Ooru ló ń mú un lọ́ra. Bí ara Pi 4 bá dé 80°C, yóò dín ìsáré rẹ̀ kù fúnra rẹ̀ kó má baà jóná. `vcgencmd measure_temp` yóò sọ iye tó wà fún yín. Ẹ gbé e kúrò nínú gíláàsì lónìí, kí ẹ tó ra ohunkóhun. Bí yàrá bá ti tó 38°C, tí gíláàsì sì bo ẹ̀rọ mọ́lẹ̀, kò sí fáànù tó lè fẹ́ ooru tí kò níbi lọ.

Fún agbègbè yín, kéèsì alumíníọ̀mù tó nípọn, tí gbogbo ara rẹ̀ ń gba ooru lára ṣíìpù, ló wù wá ju fáànù lọ, nítorí fáànù ló ń fa eruku ọyẹ́ wọlé. Bí ẹ bá taku pé fáànù lẹ fẹ́, 5V ni kó jẹ́. Lára ìlà pínnì tó wà létí bọ́ọ̀dù, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti igun tó jìnnà sí ihò USB: wáyà pupa sí ìkejì, dúdú sí ìkẹta. Ìlà kejì tó wà nínú kì í ṣe ti fáànù. Pínnì 3.3V ló pọ̀ níbẹ̀, 5V sì lè pa bọ́ọ̀dù bó bá ṣèèṣì débẹ̀.

Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kí ẹ fi gbá eruku. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ á bá a lọ. Bí ẹ bá ń fi ẹ̀rọ fẹ́ ẹ, ẹ fi igi kékeré di fáànù mú kó má baà sáré. Kọ̀ǹpútà tókunbọ̀ tó ń hó bí ọkọ̀ òfúrufú sábà máa ń ní ọ̀rá ìgbàooru tó ti gbẹ lórí ṣíìpù: ẹ fi alikọ́ọ̀lù isopropyl nù ún, ẹ fi tuntun tó tó ẹ̀wà kan sí àárín.

Nígbà ọyẹ́, iná tí kò ní ariwo máa ń kóra jọ sí wa lára, ẹ ti mọ bó ṣe ń ta yín bí ẹ bá fọwọ́ kan ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ó lè pa bọ́ọ̀dù. Ẹ má tú u lórí rọ́ọ̀gì, ẹ má wọ aṣọ náílọ́nù, ẹ fọwọ́ kan irin kí ẹ tó kàn án, kí ẹ sì di etí rẹ̀ mú.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Mo fẹ́ kí káfíńtà bá mi kan àpótí jọisítíìkì bíi ti ilé géèmù àtijọ́, ẹni méjì, fún Pi. Mi ò mọ lẹ́ẹ̀dì í jó. Ṣé ó ṣeé ṣe? (Zaria)

Ó ṣeé ṣe dáadáa, àbúrò, kò sì sí lẹ́ẹ̀dì jíjó nínú rẹ̀ rárá. Ra bọ́ọ̀dù USB méjì, wọ́n máa ń kọ Zero Delay sí i lára, jọisítíìkì méjì, bọ́tìnnì ńlá mẹ́fà fún ẹnìkọ̀ọ̀kan, àti kékeré méjì fún ẹnìkọ̀ọ̀kan. Má fojú di àwọn kékeré yẹn. Start àti Select ni wọ́n, nínú RetroPie a sì gbọ́dọ̀ tẹ méjèèjì pọ̀ ká tó lè jáde nínú géèmù.

Pákó ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣìṣe. Bọ́tìnnì tí a kàn ń tẹ̀ wọlé, irú ti Japan, ihò 30mm ló ń gbà, kékeré rẹ̀ 24mm, ṣùgbọ́n kò lè di pákó tó nípọn ju 4mm lọ mú. Bí plywood 12mm ni káfíńtà ní, ra èyí tó ní nọ́ọ̀tì gígùn, tó ń gba ihò 28mm. Àwọn ọjà wọ̀nyí kì í dọ́gba tán, nítorí náà jẹ́ kí bọ́tìnnì wà lọ́wọ́ rẹ kí káfíńtà tó lu ihò kankan, kí ó sì kọ́kọ́ lu ọ̀kan lára pákó àlòkù. Láti àárín bọ́tìnnì kan sí àárín èkejì, 36 sí 38mm ló ń rọ ọwọ́ lọ́rùn. Fún ẹni méjì, 70cm ní gígùn àti 25cm ní fífẹ̀, kí inú rẹ̀ jìn tó 9cm, nítorí ìdí bọ́tìnnì àti orí wáyà ń wọlé ju bó ṣe hàn lójú lọ. Kí ìsàlẹ̀ àpótí jẹ́ ti síkúrù, kó má ṣe jẹ́ ti ìṣó àti gúlúù. Wáyà kan á yọ lọ́jọ́ kan, wàá sì ní láti tú u.

Bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ní ẹsẹ̀ méjì, wáyà kọ̀ọ̀kan ní orí méjì, kò sí èyí tó gbọ́dọ̀ ṣáájú. Ṣùgbọ́n wo ìbú ẹsẹ̀ náà: 2.8mm ni ti Japan, 4.8mm tàbí 6.3mm ni ti àwọn onínọ́ọ̀tì gígùn. Orí wáyà tó tóbi ju ẹsẹ̀ lọ á máa já nígbà tí ìjà bá gbóná. Bí o bá tẹ jọisítíìkì sókè tó ń lọ sí òsì, ńṣe lo yí i sí ẹ̀gbẹ́ nígbà tí o ń dè é. Tú u, yí i padà ní ìdá mẹ́rin, kò sí ohun tó bàjẹ́.

Bọ́ọ̀dù USB méjèèjì orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́ lójú Pi, nítorí náà ihò tí o bá kì wọ́n sí ló máa ń yan ẹni kìíní àti ẹni kejì. Fi kálá sàmì sí kéébù àti ihò rẹ̀, má sì ṣe pààrọ̀ wọn.

Ẹnì kan ń ta káàdì tó ní géèmù ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Ṣé kí n rà á? (Kàdúná)

A kò ní gbà yín nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. RetroPie àti Batocera fúnra wọn kò lòdì sófin, ṣùgbọ́n géèmù tí ẹlòmíràn ni, tí wọ́n dà kọ láìgbàṣẹ tí wọ́n sì ń tà, Òfin Àṣẹ-lórí-iṣẹ́ ti Nàìjíríà ọdún 2022 kò fàyè gbà á. Ọjà náà kì í sì í dára: géèmù kan náà lẹ ó bá lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ní orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àwọn ti ilé géèmù kò sì ní tan bí ẹ̀dà wọn kò bá bá ẹ̀dà sọ́fútíwíà yín mu. Ẹ fi SuperTuxKart bẹ̀rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, ọmọ á gbádùn rẹ̀. Freedoom náà wà fún àwọn àgbà tó fẹ́ ìbọn.

Arákùnrin mi mú PS2 bọ̀ láti Japan. Ṣé mo lè kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì? (Gwarinpa)

Ẹ má tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ AC 100V síbẹ̀, 230V tiwa á jó pọ́wà rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ ra tiransifọ́mà tó ń sọ 230V di 100V, tó lè gbé 150W. Bó bá jẹ́ èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí ṣájà rẹ̀ wà níta, ara ṣájà ni kí ẹ kà: bí wọ́n bá kọ 100-240V síbẹ̀, kò séwu. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ wá ṣájà 230V tó ń mú 8.5V jáde, tí ámpù rẹ̀ kò dín sí ti àtijọ́.

Tẹlifíṣàn onídìí ńlá ni ti ilé wa, ihò pupa, funfun àti yẹ́lò nìkan ló ní. Mo rí kéébù rà fún Pi 4, àmọ́ kò gbé àwòrán rárá. Ti ọ̀rẹ́ mi gbé e, ṣùgbọ́n dúdú àti funfun ni. (Jos)

Pi 4 kì í gbé àwòrán gba ihò tí kéébù yẹn wọ̀ lára rẹ̀ àfi bí a bá sọ fún un. Ẹ ki káàdì bọ kọ̀ǹpútà, ẹ ṣí fáìlì config.txt, ẹ kọ `enable_tvout=1` sí ìlà kan, `sdtv_mode=2` sí ìlà kejì. Nọ́ńbà 2 yẹn ni PAL, èyí tí tẹlifíṣàn Nàìjíríà ń lò. Ti ọ̀rẹ́ yín ṣì wà lórí NTSC, ètò tẹlifíṣàn ti Amẹ́ríkà, ni kò fi ní àwọ̀, ìlà kejì yẹn nìkan ló ń fẹ́. Bí àwòrán kò bá tíì dé síbẹ̀, kéébù kámẹ́rà ni wọ́n tà fún yín. Ti Pi, ìdí irin orí kéébù tó ń wọ inú rẹ̀ ni àwòrán wà, ilẹ̀ (ground) ló tẹ̀ lé e. Bí ilẹ̀ rẹ̀ bá tọ̀nà, tó jẹ́ pé àwòrán àti ohùn ló kàn gba ipò ara wọn, ẹ gbìyànjú láti ki orí pupa tàbí funfun sínú ihò yẹ́lò. Bí ilẹ̀ bá wà níbòmíràn, ẹ pààrọ̀ kéébù.